Ẹsẹ̀ Tó Gbáni àti Ẹsẹ̀ Tó Kán

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 2014, ní ìlú Brasília, Super Eagles ti Nàìjíríà pàdé Faransé nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Ẹni tó bá pàdánù, ilé yá. Mo kéré nígbà náà, n kò lè purọ́ pé mo rántí. Orí fóònù bàbá mi ni mo ti wò ó lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo sì ti wò ó tó ìgbà tí n kò lè kà mọ́. Wọ́n ti ti ìsinmi dé, kò tíì sí góòlù kankan, Ogenyi Onazi sì ń sáré kiri àárín pápá bó ṣe máa ń ṣe. Blaise Matuidi dé. Bọ́ọ̀lù ti kúrò níbẹ̀. Eyín bàtà Matuidi bà lé Onazi ní kókósẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì tẹ̀ lọ́nà tí ẹsẹ̀ kì í gbà tẹ̀. Wọ́n gbé Onazi jáde, Reuben Gabriel wọlé rọ́pò rẹ̀. Mark Geiger, rẹfirí tó wá láti Amẹ́ríkà, yọ káàdì yẹ́lò.

Faransé borí wa pẹ̀lú góòlù méjì sí òdo. Paul Pogba fi orí kan èkíní wọlé, èkejì sì ti ara Joseph Yobo wọ ilé wa. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ìdíje náà nílé wa, bàbá mi á ní Geiger ló lé wa. Yóò ka góòlù Emenike tí wọ́n fagi lé pé ó wà ní ọ́fúsáìdì, yóò sì parí rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ Onazi. Olóògbé Stephen Keshi, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà náà, bá rẹfirí wí lẹ́yìn eré. Ní ti Emenike, mo fara mọ́ rẹfirí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má sọ fún bàbá mi. Ní ti Onazi, èmi pẹ̀lú bàbá mi gbà pé ìdájọ́ náà kù díẹ̀ káàtó. Àmọ́ ìdí tí oníkálukú wa fi sọ bẹ́ẹ̀ kò dọ́gba. Bàbá mi ní káàdì pupa ló yẹ nítorí pé wọ́n gbé Onazi jáde. Èmi ní pupa ló yẹ bí Onazi bá tilẹ̀ dìde lójú ẹsẹ̀, tó gbọn koríko kúrò lára, tó sì ń sáré lọ.

Ó lè dà bíi pé iyàn lásán ni. Kì í ṣe iyàn lásán.

Ẹ jẹ́ kí a gbé òfin wò ná. Òfin kejìlá ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, ìwọ̀n mẹ́ta ló sì fún rẹfirí láti fi wọn ẹsẹ̀ tí ẹnì kan nà sí ẹlòmíràn. Bí agbábọ́ọ̀lù kò bá fara balẹ̀, fèrè nìkan, kò sí káàdì. Bí ó bá ṣe é láìbìkítà fún ewu tó wà níbẹ̀ fún ẹnìkejì, yẹ́lò. Bí ó bá lo agbára tó kọjá ohun tó yẹ, tàbí tó fi ara ẹnìkejì sínú ewu, pupa. Ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ kò ní rí ibi tó ti béèrè bóyá eegun kán. Ẹ kò ní rí ibi tó ti béèrè bóyá onítọ̀hún ní in lọ́kàn láti ṣeni léṣe, tàbí bóyá ọmọlúàbí ni kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ kò sì ní rí ibi tó ti sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kan bọ́ọ̀lù ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nílé ìwòran bọ́ọ̀lù àdúgbò wa, ariwo tó máa ń kọ́kọ́ sọ lẹ́yìn gbogbo ẹsẹ̀ burúkú ni pé, “Bọ́ọ̀lù ló gbá! Bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ gbá!” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà tó ń ṣe adájọ́ ìjà láàárín ilé, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ṣàlàyé eré lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin kan lè kan bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì fi ìyókù ara rẹ̀ wó lé ojúgun ọmọ ọlọ́mọ.

Òfin kò fìgbà kan wà báyìí. Ní ọdún 1966, nígbà tí England gba àlejò Ife Àgbáyé, àwọn ará Portugal gbá Pelé lẹ́sẹ̀ títí tó fi ń tiro kiri pápá ní Goodison Park. Kò sí ẹni tó lè wọlé rọ́pò rẹ̀ nítorí pé òfin ìdíje náà kò gba pípààrọ̀ ẹnikẹ́ni láyè nígbà náà, kò sì sí ẹni tí wọ́n lé jáde nítorí rẹ̀. Brazil fi ìdíje náà sílẹ̀. Ọdún 1970, ní Mexico, ni káàdì yẹ́lò àti pupa kọ́kọ́ dé Ife Àgbáyé.

Káàdì wà ní ọdún 1982, kò sì ran Patrick Battiston lọ́wọ́. Ìdájọ́ yìí ló burú jù nínú gbogbo èyí tí mo tíì wò. Ìlú Seville ni, ní ọjọ́ 8, oṣù Keje, Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì àti Faransé, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Battiston kò tíì pẹ́ tó wọ pápá. Michel Platini gbá bọ́ọ̀lù sí i, ó sáré bá a, ó gbá a, bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Harald Schumacher, aṣọ́lé Jámánì, ti fò sókè, ó yí ìbàdí síwájú, ó sì kọlu Battiston lójú. Battiston dákú. Eyín rẹ̀ yọ, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sán. Charles Corver, rẹfirí ọmọ Netherlands, ní kí Schumacher gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ kó gbá a láti ilé. Kò fọn fèrè ẹ̀ṣẹ̀, ká má tilẹ̀ tíì sọ ti káàdì. Eré náà dé orí pẹnáríìtì, Schumacher mú méjì, Jámánì lọ sí àṣekágbá.

N kò gbà pé Corver jẹ́ ènìyàn burúkú. Bí mo ṣe ń wo àwòrán náà, ohun kan ló ń ṣẹlẹ̀ sí èmi náà: ojú mi ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Bí ẹnì kan bá gbá bọ́ọ̀lù sílé, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ mọ̀ bóyá yóò wọlé. Àárín ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn, tí bọ́ọ̀lù ti lọ tí ara kò tíì dúró, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe ènìyàn léṣe. Bó ṣe rí fún Battiston nìyẹn, bó ṣe rí fún Onazi nìyẹn. Rẹfirí tó bá ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù bíi tiwa kò yàtọ̀ sí òǹwòran tó rí àyè dúró sínú pápá. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ gbà á ni pé kó wo ibi tí bọ́ọ̀lù ti kúrò.

Àṣìṣe ti Howard Webb yàtọ̀. Àṣekágbá ọdún 2010 ní Johannesburg, Spain àti Netherlands. Nigel de Jong gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì ki eyín bàtà bọ Xabi Alonso láyà. Yẹ́lò. Webb fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba lẹ́yìn náà pé pupa ló yẹ, pé òun kò rí i dáadáa nítorí ẹni tó dí òun lójú. Mo bọ̀wọ̀ fún un, nítorí pé àwọn tó lè jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò kúrò lọ́kàn mi: bí kò bá rí i dáadáa, ibo ni yẹ́lò náà ti wá? Yẹ́lò ní ìtumọ̀ tirẹ̀ nínú òfin. Kì í ṣe ìdajì pupa. Kì í ṣe ohun tí a fi ń tu ẹni tí wọ́n gbá nínú, kí inú ẹni tó gbá a náà má sì bàjẹ́ jù. Lọ́jọ́ yẹn, káàdì yẹ́lò lé ní mẹ́wàá, ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù mọ́. Mo fura pé ibi ìsádi ni yẹ́lò jẹ́ fún rẹfirí tí ọkàn rẹ̀ kò dá. Mo sì fura pé irú yẹ́lò bẹ́ẹ̀ ni Geiger fún Matuidi.

Wàyí o, ibi tí èmi àti bàbá mi ti pínyà. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kọkànlá, ọdún 2019, Everton gba Tottenham lálejò. Son Heung-min ń lé André Gomes láti ẹ̀yìn, ó na ẹsẹ̀, ó kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Gomes ń ṣubú lọ ló bá ta lu Serge Aurier, kókósẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó sì kán. Kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ náà tí ara rẹ̀ kò bù máṣọ. Son fi ọwọ́ bojú, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. Martin Atkinson ti yọ yẹ́lò. Nígbà tó rí ẹsẹ̀ Gomes, ó dá yẹ́lò padà, ó yọ pupa.

Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní ó ṣe dáadáa. Ẹni tó ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀, kí ló ṣẹ́kù tí kò fi ní gba pupa? Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò, ẹ fi ọwọ́ bo apá ibi tí Aurier wà. Ohun tí Son ṣe ni ohun tí a ń rí nínú gbogbo eré, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ó kéré tán: ó kọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀ kó má bàa lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, yẹ́lò sì tọ́ sí i. Ohun tó ṣẹ́ Gomes lẹ́sẹ̀ ni bí ó ṣe ṣubú àti ẹni tó ṣubú lù. Àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní England fagi lé káàdì pupa náà nígbà tí Tottenham pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Bàbá mi ní ojúsàájú ni. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí Gomes bá ṣubú sórí koríko tó sì dìde, ṣé ẹ máa ní kí wọ́n lé Son?” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kò dùn ọ́ ni?”

Ó dùn mí. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro. Ìrora ẹni tó wà nílẹ̀ ń bá rẹfirí sọ̀rọ̀, àwọn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì tó ń pariwo náà ń bá a sọ̀rọ̀, òun náà sì jẹ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbà pé ọgbẹ́ ló ń sọ irú káàdì tó yẹ, ó di dandan kí a gba òdìkejì rẹ̀: pé ẹni tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò lé ẹlòmíràn, tí orí sì kó onítọ̀hún yọ tó tètè yẹra, kò ṣe nǹkan kan. Mo ti rí ìyẹn náà tó báyìí. Ẹni tí wọ́n gbá á dìde, á na ọwọ́ sí ẹni tó gbá a, àwọn méjèèjì á gbá ara wọn mọ́ra, rẹfirí á rẹ́rìn-ín, á fún un ní yẹ́lò tàbí kó bá a sọ̀rọ̀ lásán. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹni yẹn kan náà á tún fò.

Àwọn kan ní ẹ̀rọ VAR ti yanjú gbogbo èyí. Ọdún 2018, ní Rọ́ṣíà, ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó nínú Ife Àgbáyé àwọn ọkùnrin, mo sì gbà pé bó bá wà ní Brasília lọ́dún 2014, Matuidi kò bá má parí eré náà. Àmọ́ ẹ̀rọ ń fi nǹkan hàn ni, kì í dájọ́. Ẹ wo ti Virgil van Dijk ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Jordan Pickford, aṣọ́lé Everton, fò lé e ní orúnkún, iṣan orúnkún náà já, van Dijk kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ fún Liverpool títí sáà náà fi parí. Wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó, wọ́n rí i pé van Dijk wà ní ọ́fúsáìdì, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọ́fúsáìdì lè gba pẹnáríìtì lọ́wọ́ ẹni, àmọ́ kò sọ pé kí aṣọ́lé máa ṣẹ́ni lórúnkún. Òfin gba rẹfirí láyè láti lé Pickford jáde bó ti wù kí ọ́fúsáìdì náà rí. Pickford parí eré.

Ohun kejì tó ń kọ mí lóminú nípa ẹ̀rọ náà ni àwòrán tó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá mú kí ẹsẹ̀ ènìyàn máa lọ bí ìgbín, gbogbo ẹsẹ̀ ló máa dà bí ẹsẹ̀ ìkà, nítorí pé yóò dà bíi pé ẹni náà ní àkókò láti ronú, tó sì tún tẹ̀ síwájú. Àwọn tó kọ ìlànà VAR mọ èyí. Wọ́n ní kí wọ́n fi àwòrán díẹ̀díẹ̀ wá ibi tí bàtà ti kan ara, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí agbára ṣe pọ̀ tó, kí wọ́n wò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìlànà tó dára ni. Ohun tí a ń rí lójú tẹlifíṣọ̀n nílé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀; díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi hàn wá, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, lẹ́ẹ̀méje, a ó sì bínú dìde lórí ìjókòó. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá ni àwòrán díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà tí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lójú mi ni ti Super Falcons. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ 7, oṣù Kẹjọ, ọdún 2023, ilé ẹ̀kọ́ ti wà ní ìsinmi, gbogbo wa sì pé sí pálọ̀. Nàìjíríà àti England ni, ní Brisbane, òdo sí òdo, ó kù díẹ̀ kí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pé. Michelle Alozie àti Lauren James jìjàdù, Alozie ṣubú dojú bolẹ̀. James ń dìde lọ ló bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn. Lóòótọ́, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-ń-já-bọ́ọ̀lù-gbà mọ́, ìwà ipá ni òfin ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe lọ. Melissa Borjas, rẹfirí láti Honduras, kọ́kọ́ fún un ní yẹ́lò. Wọ́n pè é kó wá wo àwòrán. Ó lọ, ó wò ó, ó padà wá pẹ̀lú pupa. Alozie kò fara pa. Ó dìde, ó parí eré, òun náà sì wà lára àwọn tó gbá pẹnáríìtì nígbà tó yá. Kò sí ẹni tí wọ́n gbé jáde, kò sí ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ pupa dé, nítorí pé ohun tí ẹsẹ̀ náà ṣe ni wọ́n wò. Àjọ FIFA ní kí James má gbá eré méjì. England ló padà borí wa nínú pẹnáríìtì, ìyá mi sì pa tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ n kò lè bínú sí rẹfirí lọ́jọ́ yẹn.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń jẹ mí lọ́kàn tó báyìí. Ẹ̀yìn ni mo máa ń gbá ní ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wa. Nínú eré kan láàárín kíláàsì sí kíláàsì, ọmọ kan tó kéré sí mi gba bọ́ọ̀lù kọjá lára mi lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọbìnrin sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà kẹta, mo fi ìdí yọ̀ nílẹ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì níwájú. Mo kan bọ́ọ̀lù. Mo mọ̀ pé mo kan án nítorí pé mo gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni mo kan ọmọ náà. Olùkọ́ tó ń fọn fèrè ní kí eré máa lọ, ó ní bọ́ọ̀lù ni mo gbá. Àwọn kíláàsì mi pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀, ó di ojúgun rẹ̀ mú, kò sunkún. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ihò eyín bàtà mi mẹ́ta wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń yọ nínú ọ̀kan.

Kò kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni kò fi lè sáré. Ẹ̀rù tó bà mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn kì í ṣe nítorí ihò mẹ́ta náà. Mo dùbúlẹ̀, mo ń rántí pé nígbà tí mo fò, n kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi yóò bà sí. N kò lè dá a dúró mọ́. Bí ọmọ náà bá fi ìwọ̀n ọwọ́ kan yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, orúnkún rẹ̀ ni ì bá bá mi pàdé. Kò sí ohun tí mo ṣe tó gbà á là. Bí wọ́n bá lé mi jáde lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ pé n kò bá bínú gan-an, n kò bá sọ fún gbogbo ènìyàn pé bọ́ọ̀lù ni mo gbá. Bàbá mi pàápàá ì bá gbè mí lẹ́yìn.

Wọ́n ti ka èyí tán kí n tó fi ránṣẹ́, wọ́n sì ní àwọn ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ Son: ẹni tó bá ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀, kó jáde. Lórí ti Onazi, wọ́n ní kí n fi kún un pé Geiger jẹ wá ní gbèsè.

Ọmọ náà ti padà sórí pápá. Lọ́jọ́ ìdánrawò kan, ó gba bọ́ọ̀lù wá bá mi bó ṣe máa ń ṣe, ó yí apá òsì. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi. Ó kọjá, ó gbá a wọlé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá pé kí ló ṣe mí tí n kò já a gbà.